Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Fi Ṣéńjà Àtijọ́ Kó Orin Inú Àwo Bàbá Yín Sínú Kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè kan náà ni lójoojúmọ́. Ẹnì kan á pè láti Nyanya, ẹlòmíì á pè láti Kaduna tàbí Jos, "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bàbá wa fi páálí àwo méjì sílẹ̀, ṣéńjà wọn náà ṣì wà ní pálọ̀, báwo la ṣe máa kó orin inú ẹ̀ sórí fóònù?" Màá ṣàlàyé títí owó orí fóònù mi á fi tán, wọ́n á ní ó ti yé àwọn, tó bá dọ̀la wọ́n á tún pè pé kí ló dé tó ń kùn húùù bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo wà ní Kubwa lónìí, iná wà, ẹ jẹ́ n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ sórí kọ̀ǹpútà o. Kọ̀ǹpútà ló kẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí, òun náà ló rọrùn jù. Iná, abẹ́rẹ́, ìdọ̀tí ara àwo àti wáyà ẹ́àtì, ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí ohun tí abẹ́rẹ́ bá ti họ kúrò lára àwo, ó ti lọ nìyẹn, bó ti wù kí sọ́fúwíà yẹn gbówó lórí tó.

## Irú ẹ̀rọ wo ló wà nílé yín?

Gbogbo ẹ̀ la máa ń pè ní ṣéńjà, àmọ́ wọn ò kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Redio-gírámù onípátákó, èyí tó dà bíi kọ́bọ́ọ̀dù nínú pálọ̀ bàbá àgbà, Grundig, Philips àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí orúkọ Garrard tàbí BSR níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ inú irú ẹ̀ máa ń tẹ àwo mọ́lẹ̀ gan-an, grámù 4, 5, nígbà míì kó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ ọ̀hún lè ti wà níbẹ̀ látìgbà Gowon. Àwọn míì ní kátíríìjì (ilé kékeré tí abẹ́rẹ́ ń jókòó sí lórí apá) tí wọ́n ń pè ní crystal, ooru àti ọ̀rinrin ti pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohùn á kàn máa jáde wúyẹ́wúyẹ́. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ẹwà pálọ̀, ẹ má gbé àwo tẹ́ ẹ fẹ́ràn sórí ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́.

Ṣéńjà hi-fi, Technics, Pioneer, Sansui, Dual, Thorens. Apá ẹ̀ fúyẹ́, irin roboto kan wà ní ìdí apá náà tẹ́ ẹ lè yí láti fi díwọ̀n ìwúwo abẹ́rẹ́. Èyí ni kẹ́ ẹ wá.

Èyí tuntun tó dà bí báàgì kékeré, tó ní USB lára. Ó ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ àwo márùn-ún péré lẹ ní tẹ́ ẹ ò sì ní tún ṣe é mọ́ láyé, ẹ lò ó ká lọ. Àmọ́ apá ẹ̀ kò ṣeé díwọ̀n, yíyí ẹ̀ kì í sábà dúró sójú kan, mi ò ní fi kó páálí méjì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ wo Panteka ní Kaduna, ẹ sọ fún àwọn bólà-bólà tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri àdúgbò kí wọ́n fi yín sọ́kàn, ọwọ́ irú wọn lèmi ti rí tèmi, eruku bò ó débi pé mi ò mọ̀ pé fàdákà làwọ̀ ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó:

- Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ tàbí abẹ́ ẹ̀ fún fóòtì àti Hz tí wọ́n kọ síbẹ̀.
- Ẹ fọwọ́ yí abọ́ tí àwo ń jókòó lé. Ó gbọ́dọ̀ yí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kò gbọ́dọ̀ ha.
- Ẹ gbé apá ẹ̀ sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ ní ìdí, ẹ fi sílẹ̀.
- Ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà ara kátíríìjì, ẹ wá a lórí fóònù níbẹ̀, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ẹ̀ ṣì ń jáde.

Bẹ́líìtì rọ́bà tó ti rọ̀ tàbí tó já kò gbọ́dọ̀ lé yín sá, owó kékeré ni, ẹ sì lè lò ó láti dínwó.

## Iná: ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì

Iná tiwa jẹ́ 230 fóòtì, 50 Hz. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì, 60 Hz. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ará Japan fúnra wọn jẹ́ 100 fóòtì. Ẹ̀gbọ́n mi fi ámpilifáyà kan ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà nígbà kan, inú mi dùn débi pé mi ò wo ẹ̀yìn ẹ̀, mo kàn ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́. Ó dún pá! Èéfín gba yàrá, ọjọ́ mẹ́ta ni òórùn ẹ̀ fi wà lára kọ́tìnnì, ìyàwó mi ò jẹ́ n gbàgbé di òní.

Tìráńsífọ́mà tó ń sọ 230 di 110 á yanjú ti fóòtì. Kò ní yanjú ti Hz, ibí ló ti máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Ọ̀pọ̀ ṣéńjà oníbẹ́líìtì àtijọ́, Hz iná ni ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀ ń tẹ̀ lé. Èyí tí wọ́n ṣe fún 60, tẹ́ ẹ bá fún un ní 50, dípò kó yí 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan, bíi 27.8 ló máa yí, Àyìnlá Ọmọwúrà á wá máa kọrin bí ẹni tó fẹ́ sùn lọ. Ọ̀nà àbáyọ rèé, bí mo ṣe fẹ́ràn wọn sí ni mo ṣe tò wọ́n:

1. Ẹ ra èyí tó wá láti UK tàbí Jámánì. 50 Hz ni tiwọn bíi tiwa, púlọ́ọ̀gì UK náà sì wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa láìlo àdápítọ̀.
2. Ẹ ra èyí tí kò ní bẹ́líìtì, tó ń yí abọ́ ẹ̀ tààrà, tó sì ní quartz (òkúta kékeré tó ń jẹ́ kí eré ẹ̀ dúró sójú kan), bíi Technics SL-1200 láti MK2 lọ sókè. Irú ẹ̀ kò bìkítà fún Hz, fóòtì nìkan lẹ máa wò.
3. Ẹ wá púlì 50 Hz ti ẹ̀rọ náà gan-an. Púlì yìí ni irin kékeré tí bẹ́líìtì ń kọ́.
4. Tí kò bá sí ọgbọ́n míì, ẹ gbà á sílẹ̀ bó ṣe rí, kẹ́ ẹ fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún eré ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Orin á bọ̀ sípò, àmọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ á yẹ̀ díẹ̀.

Síwíìṣì kékeré máa ń wà lẹ́yìn tàbí lábẹ́ àwọn míì tẹ́ ẹ lè fi yan 110/120/220/240. Ẹ wò ó dáadáa, ẹni tó lò ó kẹ́yìn lè ti gbé e sí 110.

Ẹ̀rọ tó ti sùn fún ogún ọdún, ẹ má kì í bọ iná lójijì. Ẹ gbé e lọ bá bàbá rédíò tó mọṣẹ́, kó so gílóòbù 60 tàbí 100 wáàtì onírin pupa ti àtijọ́ mọ́ ojú ọ̀nà iná ẹ̀. Tí gílóòbù yẹn bá tàn yòò tí kò rọlẹ̀, nǹkan ti pa ara pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ sì máa ki àwọn ọmọ yín nílọ̀ nípa redio-gírámù oní-fáàfù (èyí tó ní nǹkan bíi gílóòbù gíláàsì nínú): bẹ́ ẹ tiẹ̀ yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀, iná tó lè pa èèyàn ṣì ń bẹ nínú kapásítọ̀ ẹ̀. Ẹ má tọwọ́ bọ inú ẹ̀.

Iná wo lẹ máa fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba orin sílẹ̀? Ínfátà onípure sine wave ló dáa jù, torí 50 Hz ẹ̀ kì í yẹ̀, wọn ò sì ní mú iná lọ láàárín orin. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí kì í ṣe pure sine máa ń kùn bí oyin nínú sípíkà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ló burú jù, bí fíríìjì bá ti tan báyìí eré jẹnẹrétọ̀ á yí padà, ohùn akọrin á lọ sókè á bọ̀ sílẹ̀, ariwo ẹ̀ níta ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tètè gbọ́, ìgbà tẹ́ ẹ bá tún fetí sí i lálẹ́ lẹ máa tó mọ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń yí dáadáa: ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ etí àwo kan tí kò wúlò, ẹ gbé àwo náà sórí ẹ̀, ẹ ka iye ìgbà tó kọjá. Tó bá yí 100 gééré ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, 33⅓ nìyẹn. Ti 45, kó yí 45 ní ìṣẹ́jú kan. Áàpù wà lórí fóònù náà tó lè ṣe é, ẹ máa gbé fóònù sórí abọ́ ni, àmọ́ èmi fẹ́ràn bébà mi.

## Abẹ́rẹ́

Ẹ má ṣahun níbí. Abẹ́rẹ́ tó ti jẹ kò rí roboto mọ́, ó ti ní ojú bí ṣísẹ́ẹ̀lì, gbogbo àwo tẹ́ ẹ bá gbé sábẹ́ ẹ̀ ló ń gbẹ́. Bẹ́ ẹ ò bá mọ ọjọ́ orí abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ kà á sí èyí tó ti jẹ, ẹ ra tuntun. Ẹ má ra èyí tí kò lórúkọ tí wọ́n kó sínú ọ̀rá.

Àwo ńlá (33⅓) àti àwo kékeré (45) ń lo abẹ́rẹ́ kan náà. Àwo 78, èyí tó wúwo tó sì máa ń fọ́ bí abọ́ tánganran, ojú ìlà ẹ̀ fẹ̀ tó bí ìlọ́po mẹ́ta, abẹ́rẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Tẹ́ ẹ bá fi ti 33 sí i, á máa fẹsẹ̀ wọ́ ìsàlẹ̀ kòtò, ariwo lẹ máa gbọ́. Tẹ́ ẹ bá fi abẹ́rẹ́ 78 sórí àwo ńlá, ẹ ti ba àwo yẹn jẹ́ nìyẹn. Ṣéńjà yín ò ní 78? Ẹ fi abẹ́rẹ́ 78 sí i, ẹ gbà á sílẹ̀ ní 45, kẹ́ ẹ wá fi ìdá 73.33 nínú ọgọ́rùn-ún kún eré ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ó máa ń bọ́ sí i.

Bẹ́ ẹ ṣe máa díwọ̀n ìwúwo ẹ̀:

1. Ẹ gbé ṣéńjà sórí tábìlì tí kò mì, tí ojú ẹ̀ tẹ́ dọ́gba. Áàpù tó ń wọn dídọ́gba wà lórí fóònù, ẹ lò ó.
2. Ẹ gbé anti-skate (bọ́tìnnì kékeré nídìí apá, tí kì í jẹ́ kí apá máa fà sáàárín àwo) sí 0. Ẹ yọ ìdérí abẹ́rẹ́, ẹ ṣọ́ra.
3. Ẹ tú apá sílẹ̀, ẹ máa yí irin ìdí ẹ̀ síwá sẹ́yìn títí apá á fi léfòó nínú afẹ́fẹ́, tí kò lọ sókè tí kò lọ sílẹ̀, bí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran tí ẹran ò tíì sí lórí ẹ̀.
4. Ẹ dá apá padà sórí ibi ìsinmi ẹ̀. Ẹ yí òrùka onínọ́ńbà NÌKAN sí 0, ẹ má yí irin tẹ̀ lé e.
5. Ẹ wá yí irin náà tòun tòrùka sí iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe kátíríìjì kọ. Grámù 1.5 sí 2.5 ni ọ̀pọ̀ wọn.
6. Ẹ gbé anti-skate sí nọ́ńbà kan náà.

Síkéèlì kékeré tí wọ́n fi ń wọn góòlù lè bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tí kì í fa irin mọ́ra. Ẹ má lẹ owó kọ́ìnì mọ́ orí apá torí pé àwo ń fò o! Mo mọ̀ pé bàbá yín ń ṣe é, bàbá tèmi náà ṣe é. Àwo tó ń fò, ẹ lọ fọ̀ ọ́, ẹ tún apá díwọ̀n. Ẹrù tẹ́ ẹ bá dì lé abẹ́rẹ́ lórí, ara àwo ló máa gbé e.

## Fífọ àwo

Lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, ọyẹ́ ni ọ̀tá. Láti November títí di February eruku ń bọ̀ láti Sàhárà, afẹ́fẹ́ gbẹ, àwo á máa fa eruku mọ́ra bí ìgbà tẹ́ ẹ bá fi kóòmù ra irun tẹ́ ẹ wá gbé e sún mọ́ bébà. Tẹ́ ẹ bá lè dúró di àkókò òjò kẹ́ ẹ tó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ẹ dúró. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ti fèrèsé, ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ yàrá, ẹ gbé abọ́ omi síbẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ nílò:

- Omi bátìrì lítà kan. Omi NI o, kì í ṣe àsíìdì bátìrì, ibì kan náà ni wọ́n ti ń ta méjèèjì, ẹ ka ara ìgò. Omi ẹ̀rọ àti omi borehole máa ń fi funfun sílẹ̀ nínú ìlà.
- Ọṣẹ olómi ìfọbọ́, ẹ̀kán kan tàbí méjì péré.
- Isopropyl alcohol díẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí, kó má ju ìdá kan nínú márùn-ún omi yẹn lọ. Kì í ṣe spírítì aláwọ̀.
- Aṣọ microfibre méjì, ọ̀kan fún fífọ̀, ọ̀kan fún gbígbẹ.

Ẹ gbé àwo sórí táwẹ́ẹ̀lì, ẹ rẹ aṣọ, ẹ máa nù ún yípo bí ìlà ṣe lọ, ẹ má nù ún lódìkejì ìlà láéláé. Ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà àárín, torí orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀ á ṣì wúlò fún yín. Ẹ fi omi bátìrì lásán ṣan án, ẹ nù ún, ẹ gbé e dúró lóòró nínú ibòji fún bí wákàtí kan. Ẹ má sá a sóòrùn bí ẹ̀gbẹ! Oòrùn Abuja á ká a bí ewé gbígbẹ. Inú mọ́tò náà ńkọ́? Bákan náà, wákàtí kan ló máa gbà á.

Àwo 78: ẹ má fi alcohol kàn án rárá. Ohun tí wọ́n fi ṣe é, alcohol máa ń yọ́ ọ. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ tó fún un, kẹ́ ẹ sì tètè nù ún.

## Wáyà

Ohùn tó ń jáde lára kátíríìjì onímágínẹ́ẹ̀tì kéré gan-an, bíi 3 sí 5 nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì. Nígbà tí wọ́n ń gé àwo, wọ́n dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n fi kún tòkè, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣe é lábẹ́ ìlànà RIAA láti 1954. Ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn yẹn di ńlá tó tún ń dá a padà sí bó ṣe yẹ la ń pè ní phono. Tẹ́ ẹ bá fò ó, orin á dún tín-ín-rín bí ẹ̀fọn. Tẹ́ ẹ bá gbà á kọjá nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á máa bú ramúramù. Redio-gírámù tó ní kátíríìjì crystal tàbí ceramic nìkan ni kò nílò ẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èyí tó wọ́pọ̀ nílé àwọn àgbà ni ámpilifáyà àtijọ́ tó ní ihò PHONO lẹ́yìn: ṣéńjà wọ PHONO, wáyà míì jáde láti REC OUT tàbí TAPE OUT lọ sínú sound card oní-USB (ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ohùn di ohun tí kọ̀ǹpútà lè kà), ìyẹn wọ lápútọ́ọ̀pù. Èkejì ni kẹ́ ẹ ra phono kékeré lọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta ni sound card tó ní phono nínú, bíi Behringer UFO202, ó ní síwíìṣì àti ibi tí wáyà ẹ́àtì ń kọ́. Ẹni tí kò ní nǹkan kan rárá, mo máa ń ní kó ra ti ẹ̀kẹta yìí, kò gba àyè, wáyà ẹ̀ ò lọ́ mọ́ra. Ẹ wá a ní Banex ní Wuse 2, tí wọn ò bá ní i ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè bá yín pè é láti Èkó.

1. Ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan.
2. Pupa wọ pupa (ọ̀tún), funfun wọ funfun (òsì).
3. Ẹ de wáyà ẹ́àtì tín-ín-rín ti ṣéńjà mọ́ síkúrù tí wọ́n kọ GND sí. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tó ń pè mí pé "ó ń kùn", wáyà yìí ni wọn ò dè. Wọ́n á ní àwọn rò pé ó já ni.
4. Ẹ gbé tìráńsífọ́mà, ámpilifáyà àti fóònù jìnnà sí apá ṣéńjà.
5. Ẹ yọ ṣájà lápútọ́ọ̀pù, ẹ fi bátìrì ẹ̀ ṣiṣẹ́. Nǹkan tí mo rò pé ó máa ná mi lówó ni èyí ti yanjú.

Ẹ má fi wáyà sípíkà sínú sound card, á jóná. Ihò máìkì lápútọ́ọ̀pù náà, ẹ fi sílẹ̀, ó le jù, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò sì gba ju ohùn kan ṣoṣo.

Àwọn ẹ̀rọ Jámánì ní púlọ́ọ̀gì roboto onípínnì márùn-ún tí wọ́n ń pè ní DIN. Àdápítọ̀ ẹ̀ sí pupa àti funfun wà, ẹ má gé wáyà. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ so kátíríìjì tuntun: funfun àti búlúù ni ti òsì, pupa àti ewéko ni ti ọ̀tún, búlúù àti ewéko ló jẹ́ odì.

Ẹni tí kò ní lápútọ́ọ̀pù: àwọn fóònù Android kan máa ń gba sound card tẹ́ ẹ bá fi wáyà OTG so ó, ẹ sì lè lo ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kékeré Zoom tàbí Tascam tó bá ní LINE IN.

## Gbígba orin sílẹ̀

Audacity ni mò ń lò, ọ̀fẹ́ ni, ó wà fún Windows, Mac àti Linux.

1. Nínú Audio Setup, ẹ yan sound card USB yẹn gẹ́gẹ́ bí ibi tí ohùn ń gbà wọlé, ẹ yan Stereo. Tẹ́ ẹ ò bá yàn án, máìkì lápútọ́ọ̀pù lá máa gba orin láti inú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ìkọ́ yín àti àdúrà aládùúgbò.
2. 44100 Hz, 24-bit tàbí 32-bit float. Àwọn kan á ní 96000 ló dáa. Fún àwo bàbá yín, 44100 tó.
3. Nínú Windows, ẹ pa gbogbo "enhancements" ti sound card yẹn.
4. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ sí ibi tí orin ti dún jù, ẹ wo ìwọ̀n. Góńgó ẹ̀ kó wà ní bíi -6 dB. Kò gbọ́dọ̀ kan 0, ibi tó bá ti kan 0 ti ya, kò ṣeé rán.
5. Ẹ tẹ Record KẸ́ Ẹ TÓ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ẹ má pa á títí abẹ́rẹ́ á fi kúrò.
6. Ẹ jẹ́ kí ojú kan lọ tán. Ẹ má rìn gìrìgìrì nítòsí, ẹ pa sípíkà tàbí kẹ́ ẹ dín in kù, torí ìró ẹ̀ lè padà wọ inú abẹ́rẹ́.
7. Ẹ fi orúkọ pa á mọ́ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó yí àwo.

Tó bá jẹ́ ṣéńjà tó ń já àwo sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ má to mẹ́fà jọ sórí ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Ojú àwo ńlá kan máa ń tó bí ogún ìṣẹ́jú, 24-bit á sì gbà tó 300 MB. Ẹ wo àyè tó kù lórí lápútọ́ọ̀pù yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

## Gígé àti fífọ ohùn

Ẹ ṣe ẹ̀dà kan sílẹ̀ tẹ́ ẹ ò ní fọwọ́ kàn mọ́. Orí ẹ̀dà kejì ni kẹ́ ẹ ti máa ṣeré.

Gígé orin: ẹ gbé kọ́sọ̀ sí ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀, Ctrl+B, ẹ kọ orúkọ ẹ̀, ẹ lọ sí èkejì. Tẹ́ ẹ bá parí, Export Multiple. Nínú Audacity tuntun ó ti wà nínú Export Audio, níbi tí wọ́n kọ Multiple Files sí. Àmọ́ àwo jùjú àti fújì ni o! Ọ̀pọ̀ àwo Ebenezer Obey àti Sunny Adé, bí orin ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn láìdúró nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú àwo dé ìparí, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ orúkọ orin márùn-ún sára páálí ẹ̀. Ẹ má gé irú ẹ̀. Ẹni tó bá gé e, ìlù á já lójijì níbi tó dùn jù. Ẹ fi í sílẹ̀ lódidi, kẹ́ ẹ kọ gbogbo orúkọ orin náà sínú orúkọ fáìlì.

Click Removal máa ń yọ ìró pápápá. Ẹ lò ó níwọ̀nba, torí mo ti rí i tó ń jẹ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kò mọ̀yàtọ̀ láàárín ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti eruku. Nínú àwo àpàlà ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó gbà. Noise Reduction náà, ẹ fi ibi tí orin ò tíì bẹ̀rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ariwo fún un, 6 dB tó, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ gòjé inú àwo sákárà á dà bí ẹni tó ń kọrin nínú omi.

Ọ̀pọ̀ àwo àtijọ́ jẹ́ mono, ohùn kan náà ló wà lósì àti lọ́tùn-ún. Ẹ gbà á sílẹ̀ ní stereo, ẹ fetí sí òsì lọ́tọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀, ẹ mú èyí tó mọ́ jù.

## Tí nǹkan bá yí padà

- Ó ń kùn húùù: wáyà ẹ́àtì. Lẹ́yìn náà, ṣájà. Lẹ́yìn náà, tìráńsífọ́mà tó sún mọ́ ọn jù.
- Apá kan ò dún: ẹ pààrọ̀ pupa àti funfun lẹ́yìn sound card. Tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá sún sí apá kejì, ọ̀dọ̀ ṣéńjà ni àìsàn wà, ẹ fi ìrẹsà nu àwọn pínnì orí apá.
- Ohùn ń ha ní ìparí ojú àwo nìkan: ìdọ̀tí wà lórí abẹ́rẹ́, tàbí abẹ́rẹ́ ti jẹ, tàbí kátíríìjì ò jókòó dáadáa. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, láti ẹ̀yìn wá síwájú, ni kẹ́ ẹ fi nu abẹ́rẹ́, ẹ má fọwọ́ nù ún.
- Orin ń lọ sókè sódò bí ẹni tó mutí: bẹ́líìtì, tàbí jẹnẹrétọ̀, tàbí ihò àárín àwo ò sí láàárín.

## Pípa á mọ́

FLAC ni kẹ́ ẹ fi pa ojúlówó mọ́, kì í jẹ́ kí ohunkóhun sọnù, ó sì máa ń dín ìwúwo fáìlì kù tó bí ìdajì. MP3 320 fún fóònù àti mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bí document. Ẹ má kó o sórí YouTube ṣá, òfin ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 ṣì ń dáàbò bo orin lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́ fún 70 ọdún, ọmọ àwọn olórin yẹn wà láyé.

Ẹ ya fọ́tò páálí àti bébà àárín àwo, iwájú àti ẹ̀yìn. Nọ́ńbà tí wọ́n họ sára àwo níbi tí orin parí sí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ fáìlì: olórin, orúkọ àwo, nọ́ńbà, ojú A tàbí B. Tí bébà àárín bá ti ya tẹ́ ẹ ò mọ olórin, ẹ gbé e fún àgbàlagbà gbọ́ kíákíá. Bàbá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní Jos gbọ́ ohùn onílù ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, ó dárúkọ ẹgbẹ́ náà, ó tún dárúkọ òde tí wọ́n ti ṣeré fún òun.

Ẹ̀dà méjì lórí háàdì díráìfù méjì, ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n nílé. Àwo fúnra ẹ̀, ẹ má jù ú nù, ẹ dá a padà sínú páálí, ẹ tò ó lóòró, ẹ má dà á dé ara wọn, kó jìnnà sí fèrèsé. Kẹ́ ẹ sì dé abẹ́rẹ́ yẹn kẹ́ ẹ tó lọ sùn, ọmọdé àti ológbò ò mọ iye tẹ́ ẹ rà á.